Ọjọ́ tí Ìbídùn Ka Bàtà

"Olùkọ́, èèyàn mélòó ló wà nínú mi?"

Ẹ̀ẹ̀kejì nìyí tí Múmò ń béèrè. Ohùn rẹ̀ kò le, kò sì fi ìkánjú hàn. Ó dà bí ohùn ìyá arúgbó tó ti jẹun yó, tó wá ń béèrè ibi tí wọ́n gbé àpótí ìjókòó òun sí. Ìbídùn dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ó na ìka ìfábẹ̀lá sí àwọn ọmọ tó jókòó lórí ẹní pupa níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ìka náà tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ àkọ́kọ́, ó ti ká padà bí ìwo ìgbín tí èèyàn fọwọ́ kàn.

"Mò ń bọ̀, mà," ni Ìbídùn wí.

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Wọn kò gbọ́ ọ rí nílùú wọn pé ẹnìkan ń pe ilé ní mà.

Ilé ni Múmò kúkú ń ṣe. Ilé-ẹ̀kọ́ ni. Ó ní fèrèsé, ó ní òrùlé, ó ní ibi ìdáná, ó sì ní ẹsẹ̀ mẹ́fà tó nípọn bí ìdí ọ̀pẹ. Ní báyìí ó ti ká àwọn ẹsẹ̀ náà sábẹ́ ara rẹ̀, ó ba sétí adágún odò bí adìyẹ tó sàba. Láàárọ̀ ló ti lọ kó àwọn ọmọ láti abúlé dé abúlé. Bí ọ̀sán bá ti pọ́n, ó gbọ́dọ̀ gbé wọn gun òkè.

"Fara balẹ̀," ni Múmò wí. "Ṣùgbọ́n oòrùn tí mò ń jẹ ti kúrò lórí òrùlé mi, ebi sì ti ń pa mí. N kò lè gbé ẹsẹ̀ àfi bí mo bá gbọ́ iye wọn lẹ́nu olùkọ́."

"Ṣé ẹ̀yin fúnra yín kò lè kà wọ́n ni, mà?"

"Mo lè ka ṣíbí. Mo lè ka gbogbo ewé orí igi tó wà lọ́hùn-ún yẹn, bí o bá fún mi láyè díẹ̀. Èèyàn ni òfin ní kí n má kà. Ẹ̀rọ kì í ka èèyàn nílẹ̀ Fínláǹdì."

Lẹ́yìn yàrá, lórí àpótí kékeré tí wọ́n kàn fún ọmọdé, Màmá Kaarina jókòó, ó ń hun ìbọ̀wọ́. Òun ló ni kíláàsì náà. Irun orí rẹ̀ ti funfun báláú. Tọmọdé tàgbà ìlú ló ń pè é ní Kaarina lásán, ẹnu Ìbídùn nìkan ni kò gbà á. Lónìí, Màmá Kaarina kò gbọdọ̀ la ẹnu rárá. Ọjọ́ ìdánwò ni. Ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tó bá wá kọ́ṣẹ́ olùkọ́ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ dá darí ilé-ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ kan, láti etí odò títí dé orí òkè, kí olùkọ́ àgbà máa fi ojú lásán wò ó.

Ẹ̀gbà funfun kan wà lọ́rùn ọwọ́ Ìbídùn. Bí ó bá yege, ẹ̀gbà náà yóò di àwọ̀ aró, yóò sì lè fi ṣe olùkọ́ ní gbogbo ìlú tí wọ́n ti ń wá olùkọ́ lójú méjèèjì láyé ìgbà náà. Bí ó bá di dúdú, ọkọ̀ tó ń bọ̀ ni yóò gbé e padà sílé. Ti Láńrewájú, tí wọ́n jọ wá láti kọ́lẹ́ẹ̀jì kan náà, ti di aró láti àná. Ẹ̀bá fèrèsé ló jókòó sí, ó ń fi etí ẹ̀wù nu ẹ̀gbà náà kí ó lè máa dán.

Kì í ṣe pé Ìbídùn kò mọ ìṣirò. Ìyá àgbà rẹ̀ ní Ìgbájọ, tó tọ́ ọ dàgbà, tó sì kọ́ ọ níwèé lábẹ́ igi ọsàn títí ó fi tó kọ́lẹ́ẹ̀jì í wọ̀, fi èkùrọ́ kọ́ ọ ní oókan, eéjì, títí ó fi lè ka ọ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà yìí kan náà ló gbá ìka rẹ̀ mú lọ́jọ́ tó ń fi í ka àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ tí wọ́n jókòó ti àwo ẹ̀wà. "Ṣé ẹran ọ̀sìn ni wọ́n ni? A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Gé ìka yẹn jẹ." Ìbídùn gé e jẹ. Láti ọjọ́ náà, ìka rẹ̀ mọ ohun tí a kì í nà án sí. Bí àlejò bá bi ìyá àgbà pé ọmọ-ọmọ mélòó ló ní, yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò ní, "Olúwa ṣeun, wọ́n ń jẹ iṣu."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé, Màmá Kaarina ló ń kà wọ́n, àfi àná tó kan Láńrewájú. Lónìí, ó kan Ìbídùn.

"Olùkọ́," ni Múmò tún wí.

Ìbídùn gbójú sókè. Láńre ń wò ó. Kò sọ̀rọ̀, kò tọ́ka. Ó kàn ṣu ẹnu jọ, ó sì fi ẹnu júwe ẹsẹ̀ ògiri, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, níbi tí gbogbo bàtà wà. Ní ilẹ̀ náà, bàtà kì í wọ kíláàsì. Àwọn ọmọ á bọ́ ọ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, pupa, ewéko, yẹ́lò, wọ́n á fi ìbọ̀sẹ̀ wọlé.

Ìbídùn rántí. Àná, níbi tí wọ́n ti ń fọ abọ́, ó ti tú àṣírí ara rẹ̀ fún Láńre. Láńre kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín títí omijé fi dà lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ìwọ ọmọ Ìgbájọ yìí. Bí o kò bá lè ka ọmọ, ka bàtà wọn. Ọmọ kan, bàtà méjì. Bàtà kò ní ìyá tó máa bá ọ jà."

Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Ó dà bí ẹni pé kò sí irọ́ níbẹ̀. Ó yíjú sí ẹsẹ̀ ògiri, ó sì ń ka bàtà ní méjì-méjì lábẹ́ ahọ́n. Ìka rẹ̀ nà gbọọrọ, kò ká padà. Nígbà tó parí, ó sọ iye ọmọ fún Múmò. Iye wo nìyẹn? Ẹ fojú fò ó fún mi. Ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n, a kò ní í torí ìtàn kà wọ́n.

"Mo gbọ́," ni Múmò wí. "Ó bá ti àárọ̀ mu. Ẹ di nǹkan mú."

Ilẹ̀ ilé gbọ̀n díẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nà, igi etí odò lọ sílẹ̀ lójú fèrèsé, àwọn ọmọ sì hó yèè bí wọ́n ṣe ń hó ní gbogbo ọ̀sán. Múmò gbé ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́, ó gbé ìkejì. Kì í sáré. Ó ń rìn bí ìyá olóyún tó gbé omi lórí, tí kò fẹ́ kí ó dà.

Ìbídùn bojú wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Aró ti ń wọ inú ẹ̀gbà funfun náà láti etí, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá ti igun aṣọ bọ inú ìkòkò aláró. Kí Múmò tó dé orí òkè, yóò ti gbà á tán. Inú rẹ̀ dùn dé ibi pé ó gbàgbé láti tijú. Ìyá àgbà ti sọ fún gbogbo agboolé pé ọmọ òun máa tó di olùkọ́ ayé. Kò kúkú níí di òpùrọ́.

"Ó yá o," ni ó wí, "ẹ jẹ́ ká kí ara wa."

Ìkíni yìí, òun ló mú un wá. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, orúkọ àwọn ọmọ náà kò tètè dúró lórí ahọ́n rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ kékeré tí gbogbo wọn ń kì bọ etí lè túmọ̀ ọ̀rọ̀ wọn fún un lédè Yorùbá, ó sì ń túmọ̀ tirẹ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n kò lè túmọ̀ orúkọ. Ló bá fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní oríkì. Bí Múmò bá ti gbéra lọ́sàn-án, á pe oríkì wọn níkọ̀ọ̀kan, kálukú á sì jẹ́ ẹ.

"Àyìnkẹ́."

"Mo wà," ni Aino dáhùn. Ó kúnlẹ̀ ní eékún kan, ó rántí, ó fi ìkejì kún un. Irun rẹ̀ dà bí òwú, ìwà rẹ̀ sì jọ ti aya baálẹ̀.

"Àlàó."

"Mo wà." Eero ni. Ó na ara gbalaja láti dọ̀bálẹ̀, ó fi iwájú orí gbá ilẹ̀ gbàù, ó sì dìde pẹ̀lú ẹ̀rín. Bó ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn. Ọjọ́ tí orí rẹ̀ kò bá gbá ilẹ̀, á ní òun kò tí ì kíni.

"Àwẹ̀ró."

"Mo wà," ni Venla wí, ó ń jẹ etí ẹ̀wù rẹ̀.

Ó ń pè wọ́n lọ, wọ́n ń jẹ́. Inú ilé gbóná dáadáa, igbó ń kọjá lójú fèrèsé pẹ̀lú igi tí èèpo wọn funfun bí ẹfun.

"Àkàngbé."

Ẹnikẹ́ni kò jẹ́.

"Àkàngbé. Onni, ṣé oorun ti gbé ọ lọ ni?"

Àwọn ọmọ wo ara wọn. Aino dìde, ó gbé ìrọ̀rí kan wò, bí ẹni pé ọmọ lè wà lábẹ́ rẹ̀. "Onni kò sí níhìn-ín," ni ó wí.

"Bàtà rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà," ni Ìbídùn wí. "Mo rí i. Pupa ni."

"Bàtà rẹ̀ wà," ni Eero gbà. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò sí nínú rẹ̀."

Venla yọ etí ẹ̀wù lẹ́nu. "Ó bọ́ wọn sílẹ̀, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ náà, ó lọ sétí omi. Ó ní òun fẹ́ rìn bí àwọn ọmọ ilé yín. Ìwọ lo sọ lánàá pé níbi tí o ti wá, yanrìn máa ń fẹnu ko ọmọdé lẹ́sẹ̀."

Lóòótọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín, ó sì dùn mọ́ ọn bí ó ṣe ń sọ ọ́. Ìbídùn gbé ọwọ́ lé àyà.

Láńre ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó tẹ̀ mọ́ etí rẹ̀, ó sì fọ ẹnà, ẹnà tí àwọn ọmọdé ń fọ̀ nílé, tí wọ́n ń fi gá, gí, gú há gbogbo ọ̀rọ̀ láàárín kí àgbà má baà gbọ́. "Ìgìbígídùgùn," ni ó pè é. Ìlẹ̀kẹ̀ inú gbogbo etí kùn yùnmù. Kò rí i túmọ̀. Ìbídùn nìkan ló gbọ́ ohun tó sọ tẹ̀lé e.

"Má sọ nǹkan kan. Màá ní inú ń run mí, Múmò á sọ àkàbà kalẹ̀ fún mi. Màá sáré padà lọ gbé Onni. Kí ẹ tó dé orí òkè, a ti wọlé láti ẹ̀yìn. Kíkà rẹ á di òótọ́, ẹ̀gbà rẹ á di aró, ó tán."

"Bọ̀dá Láńre, ẹ̀yin tí ẹ máa ń mí hẹlẹ bí ẹ bá gun àtẹ̀gùn?" Òun náà fọ ẹnà padà.

"Ẹsẹ̀ ìbẹ̀rù yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn. Wo ọwọ́ rẹ, Ìbídùn. Ó ti dé ìdajì."

Ó wò ó. Aró ti dé ìdajì lóòótọ́, ó sì rẹwà. Bí ó bá panu mọ́, ẹnikẹ́ni kò ní í mọ̀. Bí ó bá ní kí Múmò dúró, ohun tó máa fi dá a dúró ni pé òun ti sọ iye tí òun kò kà, gbogbo ilé á sì gbọ́ ọ, àtọmọdé, àtolùkọ́, àti ilé fúnra rẹ̀. Òun Ìbídùn, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá rán an ní ọjà, ẹ̀yìn ẹlòmíràn ló máa ń dúró sí títí ẹni tó ń tajà á fi bi í léèrè ohun tó fẹ́.

Ṣùgbọ́n odò wà níbẹ̀, ọmọ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán. Ó rántí ọjọ́ tí ọmọ aládùúgbò kan ṣáko lọ ní Ìgbájọ. Ìyá àgbà, tí kì í jáde láìwé gèlè, sáré la àárín ìlú kọjá pẹ̀lú orí òfìfo, ìró rẹ̀ ń tú, ó ń ké orúkọ ọmọ náà. Nígbà tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn náà, ó ní, "Ojú kì í ti ẹni tó ń wá ọmọ."

"Múmò, ẹ dúró, mà," ni Ìbídùn wí.

Ìró ẹsẹ̀ mẹ́fà bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Múmò ń lọ.

Ó mí kanlẹ̀. Ó ṣí ẹnu, igbe tó jáde níbẹ̀ kò jọ tirẹ̀ rárá. Ó jọ ti ẹni tó dúró lókè odò tó ń pe ẹni tó wà ní òdìkejì. "Múmò o! Ẹ dúró!"

Múmò dúró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣì wà lófuurufú. Eero, tó ti ń múra láti tún dọ̀bálẹ̀, jókòó wọ̀ọ̀.

"Kí ló dé, olùkọ́? Ṣé iye tí o sọ fún mi kò pé ni?"

Ìbídùn kúnlẹ̀. Kò mọ ìgbà tó kúnlẹ̀. "N kò ka ọmọ, mà. Bàtà ni mo kà."

Abẹ́rẹ́ ìhunṣọ Màmá Kaarina bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ró gbọnrangandan lórí ilẹ̀. Ìbídùn kò ní láti wo ẹ̀gbà rẹ̀ kí ó tó mọ̀. Ó mọ̀ ọ́n lára bí aró náà ṣe ń fà sẹ́yìn.

"Bàtà," ni Múmò wí. Ẹsẹ̀ tó wà lófuurufú sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ìyá ńlá kan wà nínú ìran tèmi, ilé-ẹ̀kọ́ ni òun náà, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti tú u palẹ̀. Lọ́jọ́ òjò dídì kan, ó ka ẹ̀wù tí wọ́n fi kọ́ sára ògiri mọ́ ọmọ. Iye pé, ó sì gbéra. Ọjọ́ kejì ni wọ́n rí ọmọ náà, ọpẹ́ ni pé ó yè. Nítorí ẹ̀ ni wọ́n ṣe gba kíkà kúrò lọ́wọ́ àwa ẹ̀rọ, tí wọ́n fi í lé ẹ̀yin èèyàn lọ́wọ́. N kò mọ̀ pé àwọn èèyàn náà lè ka ẹ̀wù."

Ó yí padà. Kò béèrè ẹni tó pàṣẹ. Ipasẹ̀ tó tẹ̀ bọ̀ ló ń tẹ̀ padà, ó sì yára ju bó ṣe máa ń rìn lọ, abọ́ ń kọlu abọ́ ní ibi ìdáná.

Nígbà tí wọ́n dé etí odò, Màmá Kaarina ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Ó kàn na ọwọ́ sẹ́yìn, Ìbídùn dì í mú, wọ́n jọ ń sáré. Lórí iyanrìn tútù, wọ́n rí ipa ẹsẹ̀ kéékèèké láìní bàtà. Ó lọ tààrà sínú omi. Ìbídùn tẹ̀lé e dé etí omi. Ìgbà náà ni ó rí i pé ipa ẹsẹ̀ náà tún jáde láti inú omi lápá òsì, ó gba inú koríko, ó lọ síbi tí Múmò ti ba láàárọ̀.

Ipasẹ̀ Múmò máa ń jinlẹ̀. Omi ti sun sínú ọ̀kan nínú wọn, ó di ìkùdù kékeré, Onni sì jókòó sétí rẹ̀, ó ti ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú omi. Ẹnu rẹ̀ dúdú minimini nítorí èso inú igbó tó ti ń jẹ. Kọ̀ǹkọ̀ kan jókòó lórí orúnkún rẹ̀.

"Ẹ pẹ́," ni ó wí.

Màmá Kaarina ló bi í pé, "Onni, kí ló dé tí o kò sáré tẹ̀lé wa, tí o kò sì pariwo?"

"Ìbídùn ló sọ bẹ́ẹ̀." Onni wò ó bí ẹni tó ń ran ènìyàn létí ohun tí kò yẹ kó gbàgbé. "Ó ní ìyá àgbà òun ní bí ọmọ bá sọnù, kó jókòó síbi tí wọ́n fi í sílẹ̀ sí, wọ́n á padà wá. Mo jókòó síbi tí Múmò fi ẹsẹ̀ sí gan-an." Ó gbé kọ̀ǹkọ̀ náà sókè. "Ṣé yóò ní oríkì?"

Ni Ìbídùn bá rẹ́rìn-ín, ni ẹkún bá gbé ẹ̀rín náà. Ó gba ìborùn lọ́rùn Màmá Kaarina láìtọrọ, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó pọn Onni. Ọmọ náà ti gùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fì sí ìhín sí ọ̀hún, ṣùgbọ́n kò janpata. Wọn kì í pọnmọ nílẹ̀ náà. Nígbà tí wọ́n wọlé, gbogbo ọmọ tò sẹ́yìn Ìbídùn, wọ́n ní ó kan àwọn.

"Ẹ̀yìn kan ṣoṣo ni mo ní," ni ó wí.

"Bọ̀dá Láńre náà ní ẹ̀yìn," ni Aino wí, wọ́n sì dojú kọ ọ́.

Màmá Kaarina ti gbé abẹ́rẹ́ rẹ̀ nílẹ̀. Ó ní kí Ìbídùn jókòó, ó ní kí Láńre náà wá. Láńre wá pẹ̀lú Venla lẹ́yìn àti Eero lẹ́sẹ̀.

"Kíkà èké ni kíkà èké," ni Màmá Kaarina wí. "N kò lè sọ ẹ̀gbà yẹn di aró lónìí."

"Ẹ má bínú, mà," ni Ìbídùn wí. Ó ń wo ilẹ̀. "Màá lọ di ẹrù mi."

"Ta ló ní kí o di ẹrù? Ṣé ó dúdú ni?"

Ìbídùn wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbà náà funfun. Ó funfun bí ọjọ́ tí wọ́n fi í sí i lọ́wọ́, àyàfi ìlà aró tín-ínrín kan létí tó kọ̀ tí kò lọ.

"Ẹni tó dákẹ́ ni wọ́n ń dá padà sílé," ni Màmá Kaarina wí. "Ìwọ pariwo. Láti ìgbà tí o ti dé ni mo ti ń wá ohùn yẹn, n kò mọ ibi tí o tọ́jú rẹ̀ sí. O ó wà níhìn-ín títí yìnyín yóò fi bọ́, o ó sì tún ìdánwò náà ṣe. Kí ó tó dìgbà náà, ìrọ̀lẹ́-ìrọ̀lẹ́ ni o ó máa fọ ẹsẹ̀ Múmò. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà."

"Ẹ ṣeun, mà. Ẹ ṣé gan-an."

"Láńre á máa pọnmi."

"Èmi kẹ̀?" Láńre fẹ́rẹ̀ẹ́ ju Venla sílẹ̀. "Ẹ̀gbà tèmi ti di aró, mà."

"Mo rí i nígbà tí o fi ẹnu júwe bàtà. Ọjọ́ orí mi ti lọ, ojú mi kò tí ì lọ. Mo sì gbọ́ ẹnà náà. N kò mọ ohun tó sọ, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ń fọ irú èdè bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì, kì í ṣe àdúrà ló ń gbà."

Ìbídùn fi ọwọ́ bo ẹnu. Láńre wo òkè àjà.

"Ẹ jọ̀wọ́," ni Múmò wí, "ebi ń pa mí. Olùkọ́, èèyàn mélòó ló wà nínú mi?"

Inú Ìbídùn tún bà jẹ́. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ kò tíì mú ìka rẹ̀ nà. Màmá Kaarina wò ó títí, ó wá béèrè pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ pé, "Ìyá àgbà rẹ tí kì í ka ọmọ, báwo ló ṣe ń mọ̀ bí gbogbo wọn bá ti wọlé?"

"Ó máa ń pè wọ́n, mà. Ẹni tó bá jẹ́ ẹ ti wọlé nìyẹn."

"Bóyá ohun tó yẹ kí n ti bi ọ́ láti ọjọ́ tí o dé nìyẹn. Ó dáa, pè wọ́n. Èmi á ka ìdáhùn. Ìdáhùn kì í ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni."

Ìbídùn dìde. Ó pe Àyìnkẹ́, ó pe Àlàó, orí gbá ilẹ̀ gbàù. Ó pe Àwẹ̀ró, ohùn dáhùn láti ẹ̀yìn Láńre. Ní gbogbo ìgbà tí ọmọ kan bá jẹ́, Màmá Kaarina á ta kókó kan sínú ìbọ̀wọ́ tó ń hun. Nígbà tó dé orí Àkàngbé, ohùn náà jáde létí rẹ̀ gan-an, nítorí ó ṣì pọ̀n ọ́n: "Mo wà. Kọ̀ǹkọ̀ náà wà." Màmá Kaarina kò ta kókó fún kọ̀ǹkọ̀. Nígbà tí gbogbo wọn jẹ́ tán, ó fi ìka to àwọn kókó náà, ó sọ iye wọn sókè.

Múmò kò gbéra.

"Ṣé kò bá òfin mu ni, mà?" ni Ìbídùn béèrè.

"Ó bá a mu. Òfin ní kí olùkọ́ fi ẹnu kà wọ́n. Kò ní kó jẹ́ ẹnu kan. Ṣùgbọ́n ó ku ẹnìkan tí ìwọ kò pè."

Aino gbé ìrọ̀rí wò. Láńre bojú wẹ̀yìn. Ìbídùn tún gbogbo ojú wò lórí ẹní pupa náà. "Ta ló kù, mà?"

Múmò pa fèrèsé kan dé, ó tún ṣí i. Bí ilé bá lè tijú, ìtìjú ni.

"Láti ọ̀sẹ̀ tí o ti ń pè wọ́n ni mo ti ń gbọ́," ni ó wí. "Mò ń retí kó kàn mí."

Ìbídùn gbé ọwọ́ lé ara ògiri. Ó móoru, ó sì ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, bí ara ẹran tó fẹ́ dìde. Ó ronú nípa àwọn oríkì tí ìyá àgbà rẹ̀ máa ń pè láàárọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ó sì mú ọ̀kan níbẹ̀ tó tó ilé gbé.

"Àníkẹ́," ni ó pè é.

"Mo wà," ni Múmò wí. Ó na ẹsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó sì yà sọ́nà oòrùn.